Kíbọ́ọ̀dù Kan, Ohùn Púpọ̀: Ibi Tó Yẹ Kí Ààlà Wà

Ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún ìjọ kékeré ní Bessé, ní ilẹ̀ Ṣábẹ (Savè) ní Benin, ń ṣe iṣẹ́ ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin pa pọ̀. Ìjọ ńlá ní Kútọnu tàbí ní Àjàṣẹ́ lè ní ẹni tó ń ta gìtá béèsì, ẹni tó ń fọn fèrè, àti ẹni méjì tó jókòó ti kíbọ́ọ̀dù. Ní abúlé tó wà lábẹ́ kọ́múùnù Savè, ìjọ tó bá ní ẹyọ kíbọ́ọ̀dù kan oníkíì 61, pẹ̀lú ìlù àti àtẹ́wọ́, ti gbìyànjú. Bí orin bá fẹ́ béèsì, kíbọ́ọ̀dù ni. Bó bá fẹ́ dùùrù, òun náà ni. Bó bá fẹ́ ohùn fayolíìnì tó ń rọra dún lẹ́yìn àdúrà, kò sí ibòmíràn tí yóò ti wá. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ náà ní fún iṣẹ́ yìí. Ó lè pín àwọn kíì rẹ̀ sí apá méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí apá òsì máa dún bíi béèsì, kí apá ọ̀tún máa dún bíi dùùrù. Splíìtì ni àwọn tó ń lò ó ń pe ìyẹn. Ó sì lè to ohùn léra, kí kíì kan ṣoṣo mú dùùrù àti fayolíìnì jáde lẹ́ẹ̀kan náà, léyà nìyẹn.

Títẹ bọ́tìnnì rẹ̀ kò le. Lórí Yamaha PSR-E, ẹ óò rí SPLIT àti DUAL lára ẹ̀rọ. Orúkọ kan náà ni wọ́n kọ sára Roland JUNO-DS. Ohun tó le ni mímọ ibi tó yẹ kí ààlà wà, àti iye ohùn tó yẹ kí èèyàn tò léra kó tó di ariwo. Lójú tèmi, orin tí ìjọ ń kọ, àti ohùn àwọn tó ń kọ ọ́, ló yẹ kó pinnu méjèèjì. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ yẹn kò gbọ́ orin yín rí, nítorí náà ibi tó fi ààlà sí kò ju ìméfò lọ.

Ọgbọ́n yìí ti wà kí iná mànàmáná tó wọ inú dùùrù. Dùùrù ńlá inú kàtídírà, èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ dún láti inú ọ̀pá, máa ń ní ìlà kíì méjì tàbí mẹ́ta lórí ara wọn, ìlà mìíràn sì wà nísàlẹ̀ fún ẹsẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀. Bí olùtẹ̀ bá sì fa ọ̀pá ìdarí kan síta, ọ̀wọ́ ohùn mìíràn á dara pọ̀ mọ́ èyí tó ń dún tẹ́lẹ̀. Irú dùùrù bẹ́ẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé, tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ ní 1905, fi kọ́ṣẹ́ lábẹ́ T.K.E. Phillips ní Kàtídírà Krístì ní Èkó, kó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti di ẹni tí wọ́n mọ̀ dáadáa lórí dùùrù Hammond. Hammond yẹn, tó jáde ní 1935, ní ìlà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kíì 61, àti kíì 25 fún ẹsẹ̀. Ọ̀pá kéékèèké mẹ́sàn-án ni olùtẹ̀ sì ń fà síta tàbí tì wọlé láti pinnu bí ohùn á ṣe nípọn tó. Ọwọ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún, ẹsẹ̀: oníkálukú ní ilẹ̀ tirẹ̀. Splíìtì lórí kíbọ́ọ̀dù òde òní kò ju pé a ká ìlà mẹ́ta yẹn sínú ẹyọ kan.

Kíká a sínú ẹyọ kan sì ní iye tó ń náni. Roland Jupiter-8 tó jáde ní 1981 lè pín kíì rẹ̀ sí méjì, ó sì lè to ohùn méjì léra. Ṣùgbọ́n nóòtì mẹ́jọ péré ló lè mú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá to ohùn méjì léra, mẹ́rin ló kù fún yín. Nígbà tí Korg M1 dé ní 1988, a lè kó ohùn tó tó mẹ́jọ pọ̀ sínú àkójọ kan, ká pín wọn bó ṣe wù wá, àmọ́ 16 ni gbogbo nóòtì tó lè dún pọ̀. Ẹ̀rọ òde òní ti fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ìṣirò náà kò tíì kúrò níbẹ̀. Màá padà sórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi orin kan wá ibi tí ààlà yẹ kó wà. Kíbọ́ọ̀dù oníkíì 61 bẹ̀rẹ̀ láti C, ó sì parí sí C. Nínú ìlànà MIDI, tí àwọn ilé iṣẹ́ fẹnu kò lé lórí ní 1983, kíì ìsàlẹ̀ pátápátá jẹ́ 36, tòkè pátápátá jẹ́ 96, C àárín sì jẹ́ 60. Lórí ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù Yamaha, 54 ni ààlà tó ti ilé iṣẹ́ wá, ìyẹn F# tó wà nísàlẹ̀ C àárín. Kíì 19 bọ́ sí òsì, 42 kù fún ọ̀tún. Bí ìjọ bá ń kọrin ní G, ààlà yìí bá a mu wẹ́kú: ọwọ́ ọ̀tún lè mú G, B àti D, ìyẹn 55, 59 àti 62, àtàǹpàkò á sì wà lórí kíì àkọ́kọ́ gan-an lẹ́yìn ààlà. Ọwọ́ òsì á máa rìn láàárín G (43), C (48) àti D (50), kò ní fara kan ọ̀tún rárá.

Ṣùgbọ́n ká ní ìyá kan nínú ìjọ ló dá orin yẹn, tó sì dá a ní F, nítorí pé òwúrọ̀ ni, ohùn kò tíì là. F, A àti C ni 53, 57 àti 60. Àtàǹpàkò ti bọ́ sí ilẹ̀ béèsì. Ìka méjì á dún bíi dùùrù, àtàǹpàkò á máa kùn bíi gìtá béèsì, àwọn tó wà lórí àga á sì rò pé olùtẹ̀ ń ṣì í tẹ̀ ni, nígbà tó jẹ́ pé ibi tó tọ́ gan-an ló tẹ̀. Kí ààlà sọ̀ kalẹ̀ sí 52, wàhálà tán. Béèsì F, B♭ àti C, ìyẹn 41, 46 àti 48, ṣì wà ní ilẹ̀ tirẹ̀. Bí orin náà bá tún sọ̀ kalẹ̀ sí E♭, 50 ni ààlà yẹ kó wà. Ẹ ti rí bó ṣe ń lọ: ẹ wá ibi tí àtàǹpàkò ọ̀tún máa ń sọ̀ kalẹ̀ dé jù nínú orin náà, kí ẹ fi ààlà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wò ó bóyá ọwọ́ òsì ṣì ní ààyè tó tó o.

Nígbà mìíràn, kò ní tó. Béèsì orin kan lè fẹ́ gòkè kọjá ibi tí ọ̀tún ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo máa ń gba àwọn olùtẹ̀ nímọ̀ràn láti ṣe ni pé kí wọ́n fi àtòpọ̀ OCTAVE sọ ohùn ọ̀tún kalẹ̀ ní ọ́kítéèfù kan, kí wọ́n wá gbé ọwọ́ ọ̀tún fúnra rẹ̀ lọ sókè ní ọ́kítéèfù kan. Ohùn tó jáde kò yí padà, àmọ́ ọwọ́ méjèèjì ti jìnnà síra, ààlà sì lè sún sókè dé C àárín tàbí kọjá rẹ̀. Kíì òkè pátápátá tí ọ̀pọ̀ orin ìjọ kì í dé rárá ni èèyàn fi gba ilẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

Ohun kan tún wà tó máa ń da àwọn ará Ṣábẹ rú ju àwọn ará Ọ̀yọ́ lọ. Ẹni tó kọ́ orin ní Benin lábẹ́ ìlànà Faransé, do ni C fún un nígbà gbogbo. Ẹni tó ti Nàìjíríà wá pẹ̀lú sólífà, do tirẹ̀ ni nóòtì ìpìlẹ̀ orin náà, ibi yòówù kó wà. Bí àwọn méjèèjì bá jókòó ti ẹ̀rọ kan, tí ọ̀kan ní kí èkejì fi ààlà sí sol, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa tẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ fúnra wọn kò fẹnu kò: C àárín kan náà ni Yamaha ń pè ní C3 tí Roland ń pè ní C4. Àwọn ẹ̀rọ kan ka kíì ààlà mọ́ apá òsì, àwọn mìíràn kà á mọ́ ọ̀tún. Nítorí náà, ẹ má gbára lé orúkọ nóòtì. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ẹ lè tẹ bọ́tìnnì SPLIT mọ́lẹ̀, kí ẹ wá tẹ kíì tí ẹ fẹ́ fi ṣe ààlà gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ kíì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kí etí fi jẹ́rìí.

Béèsì fúnra rẹ̀ fẹ́ ìtọ́jú. Kíì tó wà nísàlẹ̀ jù lórí kíbọ́ọ̀dù oníkíì 61 ń dún ní Hz 65, ṣùgbọ́n okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì, ìyẹn E, ń dún ní Hz 41. Ìdí nìyẹn tí béèsì orí kíbọ́ọ̀dù fi máa ń dà bí ẹni tí kò tíì dàgbà, àfi bí èèyàn bá sọ apá òsì kalẹ̀ ní ọ́kítéèfù kan. Ìwé ìlànà lè sọ fún yín pé kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì tọ̀nà bí ẹ bá ní sípíkà ńlá. Ìjọ tó jẹ́ pé hóònù tí wọ́n gbé sórí òrùlé ni wọ́n ń lò ńkọ́? Hóònù kì í sábà gbé ohunkóhun tó wà nísàlẹ̀ nǹkan bíi Hz 300 jáde dáadáa. Bí ẹ bá tún wá sọ béèsì kalẹ̀, ẹ kàn sin ín ni. Ẹni tó wà níta kò ní gbọ́ nǹkan kan. Fún irú sípíkà bẹ́ẹ̀, ẹ fi béèsì sílẹ̀ ní ọ́kítéèfù tó wà, kí ẹ sì yan ohùn béèsì tó ń dún gbọngbọn, èyí tí ìka ń ta dáadáa, dípò èyí tó rọ̀ tó sì ṣókùnkùn. Etí máa ń mọ nóòtì béèsì láti ara àwọn ìró kéékèèké tó wà lókè rẹ̀, àní bí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò bá tilẹ̀ dé.

Ọ̀pọ̀ olùtẹ̀ ló mọ C nìkan, tí wọ́n sì ń fi bọ́tìnnì TRANSPOSE gbé orin lọ síbi tí ìjọ wà. Àwọn tó kàwé orin máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn, èyí kò sì tọ́, pàápàá níbi ọ̀rọ̀ splíìtì. Bí ìka kò bá kúrò ní C, ààlà kan ṣoṣo tó bá C mu ti tó fún gbogbo orin. Ohun tó yẹ kí wọ́n kíyè sí ni ibi tí béèsì lọ. Láti C dé G, èèyàn lè gòkè ní ìgbésẹ̀ méje tàbí kó sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ márùn-ún. G ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ́kítéèfù kan gbáko ló wà láàárín béèsì méjèèjì. Lórí hóònù, ẹ gòkè. Lórí sípíkà ńlá, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Títo ohùn léra ni ọ̀ràn tó dùn mí jù, nítorí òun ni wọ́n ń fi ba orin jẹ́ jù. Ẹ̀rọ tuntun dé, olùtẹ̀ to dùùrù, fayolíìnì, ohùn ẹgbẹ́ akọrin àti fèrè idẹ léra, ó tẹ̀ ẹ́ nínú ilé, ó dùn bí oyin. Lọ́jọ́ Àìkú, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ orin mọ́. Ní ẹgbẹ́ dùndún, gúdúgúdú dúró lókè, kì í yí ohùn padà, ó kàn ń rọ́ lọ ni. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Bí ìyáàlù mẹ́rin bá ń sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀, ta ni yóò gbọ́ ọ? Ohùn kan ṣoṣo ló yẹ kó máa sọ̀rọ̀ nínú léyà. Ìkejì wà láti gbè é ni.

Bí dùùrù ni ẹ yàn láti sọ̀rọ̀, ẹ fi ìró rẹ̀ sí 100 nínú 127, kí fayolíìnì má kọjá 60 sí 70 níbẹ̀rẹ̀. Fayolíìnì tó ń yọ díẹ̀díẹ̀ dára fún orin ìjọsìn tó falẹ̀. Bí orin bá yá, á máa dé lẹ́yìn tí ìlù ti kọjá lọ, nítorí náà ẹ pa á tàbí kí ẹ fi ohùn dùùrù oníná kékeré rọ́pò rẹ̀. Ẹ tún ro ibi tí ohùn àwọn èèyàn wà. Orin àwọn obìnrin nínú ìjọ sábà máa ń rìn láti A tó wà nísàlẹ̀ C àárín títí dé D tó wà ní ọ́kítéèfù òkè, nǹkan bíi 57 sí 74. Àwọn ọkùnrin wà ní ọ́kítéèfù kan sísàlẹ̀. Bí fayolíìnì bá jókòó lé àárín ibẹ̀ gan-an pẹ̀lú agbára, yóò bo ohùn obìnrin. Ewu ìyẹn pọ̀ fún wa ju fún àwọn tí ohùn kì í yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà nínú èdè wọn lọ. Orin wa ń gbé ọ̀rọ̀ lórí òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn. Bí ìyẹn bá sọnù, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ẹni tó wà lẹ́yìn máa gbọ́. Ẹ gbé fayolíìnì sókè ní ọ́kítéèfù kan, kí ẹ sì dín ìró rẹ̀ kù, àárín á ṣófo fún àwọn tó ń kọrin. Nínú Juju Music tí King Sunny Adé gbé jáde ní 1982, a gbọ́ synthesizer, ṣùgbọ́n kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gìtá tàbí dùndún. Ibi tí àyè bá ṣí sílẹ̀ ló ń gbà wọlé. Ìlù tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń lù, èyí tó wà lábẹ́ STYLE lórí Yamaha, ẹ pa á bí onílù gidi bá wà níjókòó.

Ilé ìjọsìn tó ní ògiri símẹ́ńtì àti òrùlé páànù ti ní gbohùngbohùn tirẹ̀. Kí REVERB béèsì jẹ́ òfo.

Wàyí o, ìṣirò tí mo ní màá padà sí. Ká ní ẹ̀rọ yín lè mú nóòtì 48 jáde pọ̀. Ohùn dùùrù tó ń dún lọ́tùn-ún lósì máa ń gba méjì fún kíì kan. Fayolíìnì náà lè gba méjì. Kíì mẹ́rin lọ́wọ́ ọ̀tún ti di 16. Ẹ tẹ pẹ́dà tó ń di ohùn mú mọ́lẹ̀, ẹ yí kọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mejì láì gbé ẹsẹ̀ kúrò, 48 ti pé, béèsì kò tíì sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pa nóòtì àtijọ́ kí tuntun lè rí ààyè, ẹ óò sì gbọ́ bí ohùn ṣe ń já bíi pé wáyà ti fẹ́ kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Gbígbé ẹsẹ̀ kúrò nígbàkígbà tí kọ́ọ̀dù bá yí ni oògùn rẹ̀, tàbí dídín ohùn kan kù nínú léyà. Pẹ́dà yẹn ní ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn: lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ó ń di béèsì náà mú, G á sì máa dún lórí C títí gbogbo ìsàlẹ̀ á fi dà rú. Àwọn synthesizer ńlá máa ń jẹ́ kí èèyàn yọ béèsì kúrò lábẹ́ pẹ́dà. Ẹ wá a nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ apá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀rọ yín kò bá ní i, ẹ yan ohùn béèsì tó ń kú kíákíá fúnra rẹ̀.

Ọgbọ́n kan tún wà fún ìjọ tó ní hóònù méjì àti àpótí sípíkà kan. Àní PSR-E kékeré pàápàá ń jẹ́ kí èèyàn ti ohùn kọ̀ọ̀kan sí apá òsì tàbí ọ̀tún. PAN ni wọ́n kọ sí i. Ẹ ti béèsì sí òsì pátápátá, kí ẹ ti dùùrù àti fayolíìnì sí ọ̀tún pátápátá. Ẹ lo wáyà tó pín sí méjì láti ojú ihò hẹ́dífóònù, kí ẹsẹ̀ òsì wọ ojú ihò kan lára míksà, kí tọ̀tún wọ òmíràn. Ẹni tó wà nídìí míksà á lè darí béèsì sí àpótí ńlá nìkan, á sì lè dín in kù láì fọwọ́ kan dùùrù. Lórí synthesizer tó ní ihò méjì lẹ́yìn, ẹ rí i pé wáyà wà nínú méjèèjì, nítorí bó bá jẹ́ ihò L/MONO nìkan ni ẹ ki wáyà bọ̀, ẹ̀rọ á da gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Gbogbo ohun tí ẹ ti tò yìí lè parẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí iná SBEE, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Benin, bá lọ, tàbí epo jẹnẹrétọ̀ bá tán, ẹ̀rọ tí wọn kò fi àtòpọ̀ pamọ́ sínú rẹ̀ á jí padà pẹ̀lú dùùrù lásán, ààlà sì lè ti padà síbi tí ilé iṣẹ́ fi sí. Lórí ọ̀pọ̀ Yamaha, inú REGISTRATION MEMORY ni wọ́n ń fi í sí. Lórí Roland, ẹ fi bọ́tìnnì WRITE kọ ọ́. Ẹ fi orin tó wà ní F sí nọ́ńbà kan, èyí tó wà ní G sí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e, kí bọ́tìnnì kan ṣoṣo lè yí ohùn, ààlà àti ìró padà bí orin bá ṣe ń yí. Ẹ kọ nọ́ńbà ààlà, ọ́kítéèfù àti ìró ohùn kọ̀ọ̀kan sínú ìwé pẹ̀lú, nítorí ẹlòmíràn lè fi tirẹ̀ lé e lórí láì mọ̀.

Ìwàásù náà wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù Yamaha òde òní ń pa ara wọn bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn wọ́n fún ìṣẹ́jú 30, ìwàásù ní ilẹ̀ wa kì í sì í sábà kúrú tó bẹ́ẹ̀. Oníwàásù á ṣe àmín, á yíjú sí olùtẹ̀ pé kó gbé orin, kíbọ́ọ̀dù á sì ti kú tipẹ́. AUTO POWER OFF ni wọ́n ń pè é nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Ẹ pa á. Lórí PSR-E, ọ̀nà kúkúrú wà: ẹ tẹ kíì ìsàlẹ̀ pátápátá mọ́lẹ̀, kí ẹ wá tan ẹ̀rọ.